Ẹ má fọwọ́ kọ àwọn macro yẹn, compiler ni kí ẹ bi

Ẹ ní irinṣẹ́ tí ẹ fi ń yẹ kóòdù C wò ń ké pé òun kò rí header (fáìlì tí kóòdù C máa ń pè wọlé) tó ń jẹ́ gnu/stubs-32.h lórí ẹ̀rọ 64-bit, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ gbé library 32-bit wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Fáìlì kankan kò sọnù. Ẹ ṣí gnu/stubs.h wò: `#if !defined __x86_64__` (bí a kò bá tíì kéde `__x86_64__`) ló darí yín síbẹ̀. Gcc, ìyẹn compiler tó ń sọ kóòdù C di program, ti mọ macro (orúkọ tí a kéde fún compiler) tó ń jẹ́ `__x86_64__` kó tó ka ìlà àkọ́kọ́ nínú kóòdù yín. Irinṣẹ́ yín kò mọ̀ ọ́n, ó wá gbà pé orí 32-bit lòun wà.

Ojú mi ti rí i. Mo fi `-D__x86_64__` kún tèmi, ariwo dákẹ́, mo gbà pé ó ti parí. Nígbà tí iṣẹ́ ARM (irú processor mìíràn, tó yàtọ̀ sí x86) dé, mo kàn yọ `__x86_64__`, mo fi `__aarch64__` rọ́pò rẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Irinṣẹ́ ní kóòdù mọ́ tónítóní. A gbé e sórí pátákó ARM, program náà ń yí po ṣáá, kò dúró. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ìlà yìí:

`char c; while ((c = getchar()) != EOF)`

Lórí x86, char (irú tó ń gba lẹ́tà kan) lè jẹ́ òdì, nítorí náà -1 á bá EOF (àmì pé ohun tí a ń kà ti tán, -1 ni) dọ́gba. Lórí Linux ti ARM, char kì í lọ sábẹ́ òdo: -1 á di 255, kò sì ní bá EOF dọ́gba láéláé. Gcc ibẹ̀ ń kéde `__CHAR_UNSIGNED__`. N kò kọ ọ́ sínú àtẹ macro tí mo fọwọ́ kọ fún irinṣẹ́ mi.

Látìgbà náà, compiler gan-an tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ni mo máa ń bi:

`aarch64-linux-gnu-gcc -dM -E -x c /dev/null`

Àṣẹ yìí á to gbogbo macro tí compiler ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Gbogbo flag (àṣàyàn tí a ń fi kún àṣẹ compiler) tí ẹ fi ń kọ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má fojú kéré èyí rárá. Lórí x86, `-m32` á lé `__x86_64__` lọ, á mú `__i386__` wá; `-mavx2` á mú `__AVX2__` wá; kódà `-std=c11` á yọ macro tó ń jẹ́ `linux` lásán kúrò. Kí ẹ tó kó èsì náà sínú irinṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ nu àwọn macro tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè bá `__i386__` àti `__x86_64__` lójú kan náà, header kọ̀ọ̀kan á sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ kàn.

Bí irinṣẹ́ yín kò bá mọ `__int128` (irú nọ́mbà odidi bit 128) kà, ẹ yọ `__SIZEOF_INT128__`. Macro nìkan kò sì tó, irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní láti mọ ìwọ̀n long (irú nọ́mbà odidi kan nínú C): byte 8 ni lórí Linux 64-bit, 4 ni lórí Windows 64-bit. Ẹ ka `__SIZEOF_LONG__` nínú èsì yẹn kan náà, kí ẹ fi ṣètò rẹ̀.