Ẹ Gbé Mílíìkì Kúrò Níwájú Ọmọ Ehoro

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Ehoro, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo ra ọmọ ehoro méjì fún àwọn ìbejì mi lọ́jà Láfẹ́nwá. Ẹni tó tà á ní wọ́n ti pé oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi gba ọ̀kan tán. Mílíìkì inú agolo la fi ń bọ́ wọn. Láti àná ni ọ̀kan ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá àwọn ìbejì ní kí n tú kápúsù Ampiclox sí i lẹ́nu. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
— Bàbá Ìbejì, Ọbáńtokò

ÌDÁHÙN: Háà, Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kápúsù yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un! Oògùn tí àwa ń gbé mì yẹn, májèlé ni lẹ́nu ehoro. Kòkòrò rere tó ń bá a lọ koríko nínú ìfun ló máa ń pa, ti burúkú á wá gbilẹ̀. Mílíìkì náà, ẹ dà á nù. Ti màlúù ni, kì í ṣe ti ehoro.

Èyí tó ń ṣunú, òní ni kí ẹ gbé e lọ, ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, l'Álábàtà, ọ̀nà yín náà ni. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú páálí, ẹ lu ihò sí i lára, kí ẹ sì gbé ìkejì rẹ̀ dání kí ẹ̀rù má baà pa á.

Oṣù méjì kọ́ o! Ọmọ ehoro ń lò tó ọjọ́ 10 kó tó lajú, ó sì yẹ kó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ti yín yìí, n kò rò pé ó tó ọ̀sẹ̀ 5. Ọlọ́jà mọ̀ pé bó ṣe kéré tó ló ṣe ń wu ọmọdé.

Koríko ni kí ẹ máa fún wọn. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kó wà níwájú wọn tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú omi mímọ́ nínú abọ́ amọ̀ tí wọn ò lè dà nù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ehoro fẹ́ràn yúnyun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ ná, kí ẹ wá fi ewé kan tàbí méjì tó ti rọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ rà l'Áṣerò ńkọ́? Yúnyun tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo jù sí wọn, inú mi ń dùn pé wọ́n ń jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ló kù. (Òun ló bí gbogbo èyí tí mo fi ń yangàn lónìí.)

Bí ẹ bá rí i tó tẹ orí bọ ìdí, tó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó so mọ́ra bí èso, ẹ má pariwo lé e lórí. Oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ooru àpáta Abẹ́òkúta yìí náà ńkọ́! Ẹ má gbé àgò wọn sábẹ́ páànù. Kí àwọn ìbejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn, nítorí ehoro tó bá já bọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi etí gbé wọn, bí ọlọ́jà tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ti Alábàtà dé, ẹ kọ̀wé sí mi.