Kí ẹ tó buwọ́ lùwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ san owó DPC fún òṣìṣẹ́ rẹ̀

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ gba ilé-iṣẹ́ olóṣìṣẹ́ 35 tó fẹ́ máa san owó oṣù DPC (direct primary care: ìtọ́jú tí wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ fún dókítà tààrà, láìsí inṣọ́ránsì láàárín) fún àwọn èèyàn rẹ̀, níbí ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá wọn: ṣé gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ máa sanwó fún ni, àbí ẹni tó bá wù?

Ìdáhùn yẹn ló ń pinnu iye owó. Tó bá jẹ́ ẹni tó wù, ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní dá a lóhùn. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀yìn ríro ló máa sáré wá. Ẹni 35 á di 9, àwọn 9 náà á sì gba àkókò tí ẹ ṣírò fún gbogbo wọn. Irú ìyẹn, ẹ má dín kọ́bọ̀ kù fún wọn. Tó bá jẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ lè dín in: bí ẹni tó dá wá fúnra rẹ̀ bá ń san dọ́là 90, 75 kò burú, ìyẹn 2,625 lóṣù.

Ọ̀gá buwọ́ lùwé kò sọ òṣìṣẹ́ di aláìsàn yín. Kálukú ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé tirẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń kó sínú ọ̀fìn: òṣìṣẹ́ ẹni ọdún 66 tó ti ní Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà. Bí ẹ kò bá tíì jáde kúrò nínú Medicare, ẹ má gba owó oṣù lórí ìtọ́jú tí Medicare ń san. Bí ẹ bá ti jáde, àdéhùn aládàáni ọ̀tọ̀ lẹ máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe. Dókítà tó ṣì wà lára àwọn olùkópa Medicare gbọ́dọ̀ fi ìwé ìjáde rẹ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán, ọjọ́ 30 ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ìdá mẹ́rin ọdún. Ọdún méjì ni ìjáde náà máa ń gbà, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ HSA, àpò ìfowópamọ́ fún ìtọ́jú ìlera tí kì í san owó orí, ti rọrùn. Láti January 1, 2026, DPC kò dí ẹni tó ń fi owó sínú HSA lọ́wọ́ mọ́, bí owó oṣù kò bá ju dọ́là 150 lọ fún ẹnì kan, tàbí 300 fún ìdílé, iye tí wọ́n á máa tún ṣe bí ọjà bá ń gbówó lórí. Owó oṣù yẹn nìkan lẹ gbọ́dọ̀ máa gbà fún ìtọ́jú náà. Bí ẹ bá tún ń gba dọ́là 20 nígbàkígbà tí wọ́n bá wọlé, ẹ ti bà á jẹ́. Oògùn náà kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, àfi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ìwé ètò ìlera tí ERISA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àǹfààní tí ilé-iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́, lè béèrè, lọ́yà tiwọn ni kó kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn ya wọlé ní Monday kan náà. Wákàtí kan fún ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹni mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án á gbà wọ́n tán. Ẹni tí oògùn rẹ̀ fẹ́ tán ni kó ṣíwájú. Kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde ránṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù, kí owó wọ báńkì yín ní ọjọ́ 1. Bí wọ́n bá lé ẹnì kan ní ọjọ́ 3, ta ló máa sọ fún un pé owó DPC rẹ̀ ti dúró? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, àti pé ó lè dúró lọ́dọ̀ yín bó bá fẹ́ san tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá á fẹ́ mọ ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe. Àpapọ̀ iye ìbẹ̀wò àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni kí ẹ fún un. Láàárín èèyàn 35, bí ẹ bá kọ pé “ẹnì kan ń gba ìtọ́jú ọtí”, gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò oògùn olóró àti ọ̀ràn ìpalára lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àdéhùn pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó bá rò pé ọ̀gá lẹ ń ṣọ́ òun fún kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Alágbàtà inṣọ́ránsì tó mú wọn wá lè béèrè ìpín. Kí ọ̀gá ló san án, nítorí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gba dókítà láàyè láti sanwó nítorí aláìsàn tí wọ́n mú wá fún un. Kí ilé-iṣẹ́ kan má ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn aláìsàn yín lọ, kí àdéhùn sì béèrè ìfitónilétí ọjọ́ 60 kí wọ́n tó lè jáwọ́.