Ìpín: Ta Ni Ó Pín In?

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń hun òfì ní Ìlọrin ni ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní láti kékeré ni iṣẹ́ náà ti wà lọ́kàn òun, pé bí òun bá ti jókòó sídìí òfì, òun kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń kan òun lórí aṣọ kan kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí àwọn tí ń rà á lọ́wọ́ òun ń tà á. Nígbà tí ó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, ìyá dá a lóhùn pé, "Ìpín rẹ nìyẹn, gbà á bẹ́ẹ̀." Ó wá ń béèrè ohun tí ìpín jẹ́ gan-an, àti bóyá òótọ́ ni pé ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o jẹ, bẹ́ẹ̀ ni a ti pín in fún un.

Inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. "Pín" ni ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá gé iṣu sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọmọ mẹ́ta, tàbí nígbà tí ẹbí bá jókòó lórí ogún bàbá wọn. Ìpín ni ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí a pín. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ fún kádàrá, nítorí àwọn baba wa gbà pé kí ènìyàn tó wáyé, a ti pín nǹkan fún un. Wọ́n ní orúkọ mìíràn fún un: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ó kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà, àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ ọn. Nínú gbogbo wọn, ìpín nìkan ni a tún ń gbọ́ lọ́jà, lóko àti nídìí abọ́ oúnjẹ. Ẹnu kan náà tí ó sọ pé ìpín lágbájá ni láti jẹ́ àáfà ni yóò sọ lọ́la pé wọn kò fún òun ní ìpín òun nínú owó tí àwọn jọ pa. Mo gbà pé èdè wa mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó fi orúkọ kan pe àwọn méjèèjì, torí pé kò sí ìpín láìsí ẹni tí ó pín in, láìsí àwọn tí a pín in fún, àti láìsí ọ̀nà tí a gbà pín in. Ìyá àgbà sọ òótọ́ nígbà tí ó ní ìpín wà. Ohun tí ó kù tí kò sọ ni ẹni tí ó pín èyí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sunkún lé lórí.

Ìlú mùsùlùmí ni Ìlọrin, mùsùlùmí sì ni èmi náà. Bí mo bá mú ìtàn Ifá wá, ìdí rẹ̀ ni pé inú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni èdè wa tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sí, títí tí wọ́n fi ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín. Wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n yan orí tí ó tóbi tí ó sì dára lójú, wọn kò sì mọ̀ pé kò jiná, òjò sì pa á lójú ọ̀nà títí ó fi ṣá. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò tí ó wà ní Dada, ní Òkèlele níbí, kò nílò àlàyé lórí ohun tí òjò lè fi ìkòkò tí iná kò ràn dáadáa ṣe. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan lọ́nà tí ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i fún un, oníbodè tọ́ iyọ̀ wò, inú rẹ̀ dùn, ó sì mú un mọ̀nà. Nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó kan tí ó wá sin gbèsè. Àjàlá ti sá pamọ́ sí orí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà náà ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì bá a wá orí tí kò ní àbùkù.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà kí ojú mi tó là sí i pé ẹni tí ń mọ orí fún gbogbo ayé ni gbèsè lé sórí àjà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ olówó kò lè dúró ti iná títí ìkòkò yóò fi jiná. Orí rere tí Afùwàpẹ́ rí, iyọ̀ tí ó bù fún ẹlòmíràn àti gbèsè tí ó bá ẹlòmíràn san ni ó ṣí ọ̀nà rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa ń fà yọ láti fi sọ pé kádàrá kò gbóògùn, ọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bá ara wọn lò ni ó kún inú rẹ̀.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ àwọn àáfà. Arísìkí tí a ń tọrọ ní gbogbo òwúrọ̀ ti inú èdè Lárúbáwá wá, bí kádàrá náà ti ti ibẹ̀ wá. Ní Súrà Zukhruf, ẹsẹ 32, Ọlọ́run sọ pé Òun ni Òun pín ìjẹ-ìmu wọn láàárín wọn nílé ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Al-Kùránì kan náà, ní Súrà Al-Hashr, ẹsẹ 7, ka àwọn ọmọ òrukàn, àwọn aláìní àti arìnrìn-àjò mọ́ àwọn tí ó ní ìpín, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí ọrọ̀ má baà máa yí ká láàárín àwọn ọlọ́rọ̀ yín nìkan. Ọlọ́run pín in, Ó sì pàṣẹ fún wa láti tún un pín. Ẹ wo sàká orí irè oko, tí ó máa ń wú mi lórí púpọ̀. Ẹni tí òjò bá oko rẹ̀ rin yóò yọ ìdá kan nínú 10. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń fa omi sí oko rẹ̀, ìdá kan nínú 20 ni tirẹ̀. Irè kan náà ni, òógùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba, òfin sì ka òógùn náà kún. Súrà Al-Mutaffifín sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tí ń fẹ́ òṣùwọ̀n kíkún nígbà tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ènìyàn.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo títí dé Òmù-Àrán, mọ irú ìwọ̀n yìí nínú àáró. Bàbá mi bá wọn ṣe é. Bí ènìyàn márùn-ún bá jọ ń ṣe àáró, gbogbo wọn yóò ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọn yóò kọjá sí oko ẹlòmíràn nígbà mìíràn, títí yóò fi kárí. Ó yàtọ̀ sí òwè, níbi tí ẹni tí ó bẹ èrò yóò ti se oúnjẹ, tí kò sì sí ẹni tí yóò ka ọjọ́ sí i lọ́rùn. Nínú àáró, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni a fi ń san ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ kò lè sọ pé ọjọ́ tòun wúwo ju ọjọ́ ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré. Bàbá mi gbà pé ìpín wà, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ rí kí ó fi ìpín ṣe àlàyé fún ẹni tí ó jẹ́ ẹ ní ọjọ́ àáró tí kò wá.

Èyí ni ó mú kí n yà ohun méjì tí arábìnrin wa dì pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń fà sí òfì, bí ojú rẹ̀ ṣe ń tètè mọ àwọ̀ òwú tí yóò bá ara wọn mu, èyí jọ ìpín lójú mi, ó sì yẹ kí ó dúpẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tí Ọlọ́run fún ní nǹkan. Iye tí alágbàtà ń san, ènìyàn ni ó bù ú. Ohun tí ó tilẹ̀ dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ìfẹ́ tí ó ní sí iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ jẹ: wọ́n mọ̀ pé yóò hun ún bí owó bá kéré, wọ́n sì fi ìtara rẹ̀ sọ owó di kékeré. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ẹnì kan ti di èrè fún ẹlòmíràn, a wá ń pe àdánù rẹ̀ ní kádàrá.

Nítorí náà, ọmọ mi, dá ìyá àgbà lóhùn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, má sì jiyàn pé ìpín kò sí. Lẹ́yìn náà, jókòó kí o ṣírò iye òwú tí ó wọ inú aṣọ kan, iye ọjọ́ tí o fi hun ún, àti oúnjẹ àwọn ọjọ́ náà. Wá àwọn ahunṣọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ jọ wà ní àdúgbò kan, kí ẹ fi ìṣirò yín wé ara wọn, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní tà sísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí alágbàtà bá tún dé tí ó ní ìpín yín nìyí, ẹ ka iye òwú fún un, ẹ ka iye ọjọ́, kí ẹ sì ní kí ó jókòó kí ẹ jọ pín in.