Ẹgbẹ́ Òṣèlú Méjì Tàbí Ọ̀pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí mo tẹ́ ìwé ìdìbò ààrẹ ọdún 2019 sílẹ̀ níbi tí mo ti dìbò ní Ọ̀ffà, ó gùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àmì ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ tẹ̀ka sí. Ṣé òfin ni ó fi ẹgbẹ́ mọ sí méjì ní Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Rárá o, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yàn sílé aṣojú, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kẹta a máa bẹ̀rù pé ìbò òun yóò ṣòfò. Ní Jámánì, ìpín ìbò tí ẹgbẹ́ kan ní ló ń sọ iye àga rẹ̀, bí ó bá ti tó ìdá 5 nínú 100; ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fi sábà máa ń para pọ̀ ṣèjọba. Gánà ní ẹgbẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ NDC àti NPP nìkan ló ń gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ ara wọn láti 1992. Ní tiwa, ìjọba ológun ló fi àṣẹ dá SDP àti NRC sílẹ̀ ní 1989, èyí tí mo kà sí àfipáṣe. Olùdíje 73 ló mú kí ìwé yín gùn. Lẹ́yìn tí INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74 ní 2020, olùdíje 18 ni a bá lórí ti 2023.