Ilé àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): ẹ wo ògiri kí ẹ tó dárúkọ owó

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ilé bàbá yín tí ẹ fẹ́ tà ní àdúgbò Ọ̀gánlá wà láàárín ilé méjì, ògiri wọn sì jọ lẹ̀ mọ́ra. Démarcheur (alágbàtà ilé) kan ní mílíọ̀nù 7 owó CFA ni, òmíràn ní mílíọ̀nù 18, ẹ wá ń béèrè èwo ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má gba ìkankan gbọ́. Mo lè búra pé kò sí ẹni tó wọ inú ilé nínú àwọn méjèèjì.

Irú ilé yẹn làwa náà ní, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fẹ́ ra ìpín àwa yòókù, a bá pe expert kan pé kó wá ṣírò iye tó tọ́. Ó dé tòun ti bàtà dídán, ó na téèpù láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé, ó ya fọ́tò iwájú ilé, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò fọwọ́ kan ògiri. Kò béèrè ta ló ni ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sídìí kànga. Ó ka ògiri ọ̀tún àti ti òsì sí tiwa, ó ka ọ̀nà náà mọ́ ọn, ó sì ṣírò ilé amọ̀ bí ẹni pé bíríkì símẹ́ńtì ni. Ìwé rẹ̀ rẹwà, ó lóǹtẹ̀. Orí òǹtẹ̀ yẹn ni gbogbo ìjà tó tẹ̀ lé e dúró lé.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Aládùúgbò wa ọwọ́ òsì ta ilé tirẹ̀, ẹni tó rà á sì wó o lulẹ̀ kó lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ògiri wa tó ti wà nínú ilé látọjọ́ táláyé ti dáyé ṣe bá ara rẹ̀ níta gbangba nìyẹn. Ọ̀dà búlúù yàrá wọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣó tí wọ́n fi ń kọ́ kàlẹ́ńdà ṣì wà níbẹ̀, àti àwọn ihò tí wọ́n ti fa igi àjà wọn yọ. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó wọlé dé ìgúnpá. Amọ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀, ẹfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló bo ojú rẹ̀. Òjò oṣù kẹfà bá a níbẹ̀. Omi gba àwọn ihò yẹn wọlé, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ọṣẹ dúdú.

Ẹni tó ra ilé ní ilẹ̀ tòun lòun wó, tiwa ò kan òun. Bẹ́ẹ̀, ògiri tó dá ilé méjì láàárín, ti àwọn méjèèjì ni, àfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. A gbé ọ̀rọ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gá ní ká lọ mú géomètre, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, wá. Géomètre ní ká lọ mú ìwé wá. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní ọ̀gá ti lọ sípàdé. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn ògiri ń wó, ẹ̀gbọ́n wa sì ti yáwó níbi iṣẹ́ lórí iye tí expert kọ. Ó ní kí a dín owó kù, àwọn kan nínú wa ní òǹtẹ̀ kì í purọ́. Títí dòní, àwọn kan ò kí ara wọn lọ́jọ́ iléyá.

Torí náà, ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá igi àjà aládùúgbò wọnú ògiri yín. Bó bá wọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín. Ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ògiri, láti orúnkún sílẹ̀. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ya kúrò lára amọ̀. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè ráàyè jáde. Á há sábẹ́ rẹ̀, á máa jẹ amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilé amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó tà á, èmi ò ní sún mọ́ ọn. Ẹ gun àjà, ẹ wo ikán.

Owó gan-an kò le. Kí géomètre wọn ilẹ̀, ẹ má gbára lé ìwé àtijọ́. Ẹ béèrè iye tí àwọn tó ti tà ní àdúgbò yẹn gan-an gbà lọ́wọ́, kì í ṣe ti àdúgbò mìíràn bíi Wàńdó, ẹ fi iye mítà ilẹ̀ wọn pín in, kí ẹ wá fi iye mítà tiyín sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má wo iye inú convention de vente, ìyẹn ìwé àdéhùn ìtà. Ọ̀pọ̀ ń kọ ohun tó kéré síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ iye tí ògiri àti páànù máa ná. Másọ̀n (bíríkìlà) mọ èyí ju expert lọ. Ẹni tó bá sọ pé òdòdó tí àwọn Àgùdà gbẹ́ sójú fèrèsé máa mówó wá, ẹ bi í bóyá òun á san án.

Ìwé ńkọ́? Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀. Convention tàbí permis d'habiter (ìwé àṣẹ láti gbé lórí ilẹ̀) kò tíì débẹ̀, olùrà á sì fi ìyẹn dín owó. ANDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni ẹ máa lọ bá, ẹ mú sùúrù dání.

Ẹ tún ní ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín ọkùnrin lẹ máa fọwọ́ sí ìwé títà ilé náà. Àwọn obìnrin dà? Òfin ẹbí ti 2004 kò ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ nínú ogún. Kí orúkọ gbogbo yín wà nínú ìwé ìpàdé ẹbí, kí tribunal (ilé ẹjọ́) sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá sọnù níbẹ̀, notaire (amòfin tó ń ṣe ìwé ìtà ilé) tó mọṣẹ́ kò ní gbà á.

Démarcheur tó ní mílíọ̀nù 7 yẹn, mo fura pé aládùúgbò yín ló rán an. Aládùúgbò ló sì yẹ kó san jù: bó bá ra tiyín, ògiri àjọni di tirẹ̀ nìkan, á lè wó méjèèjì kó kọ́ ohun tó wù ú. Ẹ lọ bá ti ọ̀tún àti ti òsì fúnra yín kí ẹ tó bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ẹ má sì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí géomètre tó wọn ilẹ̀ tán.