Kò gbọ́ orin tó ń dún nínú rẹ

Ìyá Ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sin màmá rẹ̀. Ó ní ọkọ òun rí i pé òun kì í rẹ́rìn-ín mọ́, pé oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu òun, síbẹ̀ kò bi òun léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gún iyán, ó sì jẹ́ kí àwo dún gbà lórí tábìlì kí ọkọ lè mọ̀ pé inú òun ò dùn. Ọkọ jẹ iyán tán, ó dúpẹ́, ó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ gbé àpò tí aṣọ màmá tó kú yẹn wà nínú rẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jù ú sórí wọ́dúróòbù. “Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nílé rẹ̀, Màmá. Ó mọ ohun tó ń dùn mí. Ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Àbí kò nífẹ̀ẹ́ mi mọ́ ni?”

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tu ọ́ nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Oṣù mẹ́ta kò tíì tó nǹkan kan lórí ikú ìyá ẹni, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó ti yẹ kí o gbàgbé.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ọkọ rẹ mọ̀.

Ní 1990, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Newton ní kí àwọn ènìyàn mú orin tí tèwe-tàgbà mọ̀, kí wọ́n máa fi ìka kan tábìlì bí orin náà ṣe ń lọ, kí ẹlòmíràn wá sọ orin tó jẹ́. Àwọn tó ń kan tábìlì rò pé àwọn tó ń gbọ́ á mọ ìdajì. Nínú orin 120, 3 péré ni wọ́n mọ̀. Gbìyànjú ẹ̀ wò níbi tí o jókòó sí yẹn. Máa fi ìka kan tábìlì, kí o máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan sínú. Ìwọ á gbọ́ orin, wàá gbọ́ ègbè, àfi bíi pé àwọn kọáyà wà nínú yàrá. Ọmọ tó jókòó tì ọ́, kò-kò-kò ló ń gbọ́.

Àwa tí a ni dùndún ló yẹ kí èyí tètè yé. Dùndún ń sọ̀rọ̀ torí pé ó ń gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde bí ẹnu ènìyàn. Tábìlì ò ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwo tí o gbé kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tábìlì lo kàn. Nínú tìrẹ, ohùn màmá rẹ ń dún, erùpẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí pósí ń dún. Létí ọkọ rẹ, àwo ló dún.

O lè ní àjèjì nìyẹn bá, kì í ṣe ẹni tí ẹ jọ ń sùn tí ẹ jọ ń jí. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kenneth Savitsky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èyí wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Wọ́n ní kí tọkọtaya kọ ẹ̀yìn síra, kí ọ̀kan sọ gbólóhùn tó lè túmọ̀ sí oríṣiríṣi, kí èkejì sọ ohun tó ní lọ́kàn. Wọ́n fi àjèjì náà ṣe é. Ọkọ tàbí aya kò mọ̀ ọ́n ju àjèjì lọ, ṣùgbọ́n ọkàn tọkọtaya balẹ̀ pé àwọn gbọ́ra àwọn yé. Ó yé mi. Bí a bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, a ń ṣàlàyé. Bó bá di ará ilé ẹni, a ti gbà pé ó mọ̀, a ò sì ṣàlàyé mọ́.

Ibì kan wà nínú ọpọlọ, lókè ẹ̀yìn etí, tí àwọn olùwádìí méjì, Rebecca Saxe àti Nancy Kanwisher, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2003. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí ènìyàn bá ń ka ìtàn nípa ohun tí ẹlòmíràn ń rò. Bó bá jẹ́ ìrísí ẹni náà nìkan ni ìtàn ń sọ, kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Látìgbà ìsìnkú, ìrísí nìkan lo fún ọkọ rẹ. O kò tíì fún un ní ìtàn. Òwe tí o pa fún mi dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ní ká sọ, o kò sì tíì sọ ìdámẹ́rin.

Nítorí náà, sọ ọ́. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ti sùn, kí ó ti jẹun, kí ẹ jókòó síta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà tí a ti sin màmá mi. Bí mo bá dákẹ́, wọn ni mò ń rò. Mo fẹ́ kí ẹ máa bi mí nípa wọn.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí o má fò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni mo mọ̀ tí ẹ̀rù ń bà pé bí àwọn bá dárúkọ olóògbé, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì rò pé àánú ni àwọn ń ṣe báwọn ò ṣe mẹ́nu bà á. Bí o bá sọ ọ́ báyìí tó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kọ̀wé sí mi lọ́gán.

Ó ku ti àpò. O kọ ọ́ pé ó “jù ú” sórí wọ́dúróòbù, pé ó fẹ́ kó kúrò lójú òun. Mo wá inú lẹ́tà rẹ títí, mi ò rí ibi tí o ti bi í léèrè. Ìwọ náà ń gbọ́ kò-kò-kò, o sì ti fún un lórúkọ orin. Ó lè jẹ́ eku, ó lè jẹ́ òjò tó ń wọlé, ó sì lè jẹ́ ohun tí o rò gan-an. Kí ẹ tó dìde níta lálẹ́ ọjọ́ náà, bi í pé kí ló dé tó fi gbé e síbẹ̀.