Ta ni Andrea Cesalpino, kí ló sì fi pín ewéko sí ìsọ̀rí?

Oníṣègùn ará Arezzo ní Ítálì ni. Ó wo Póòpù Clement Kẹjọ, ó sì kú sí Róòmù ní 1603. Ìwé rẹ̀ *De plantis* (1583) ló sọ ọ́ di olókìkí.

Ṣáájú rẹ̀, bí orúkọ ewéko ṣe tẹ̀léra ní a-b-d tàbí àìsàn tó ń wò ni wọ́n sábà fi ń tò ó. Cesalpino kọ́kọ́ ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ewé tútù, lẹ́yìn náà ló wo èso: kóró mélòó ló wà nínú rẹ̀, yàrá mélòó ni èso náà pín sí?

Yíya igi sọ́tọ̀ yẹn ló kó o sí wàhálà, torí ó tú àwọn ìbátan ká: igi tó ń so bí ẹ̀wà bọ́ sí ibì kan, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ bọ́ síbòmíràn. Kò sì gbà pé ewéko ní akọ àti abo.

Ewéko 768 tó sá gbẹ ní 1563 ṣì wà ní Florence. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìsọ̀rí ewéko kan, *Caesalpinia*. Kódà ọmọ ayò tí à ń ta lórí ọpọ́n, *Caesalpinia bonduc* ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó gbé e sí ìsọ̀rí mìíràn, *Guilandina*.